Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Jíà

Bàbá mi ni ó yan kẹ̀kẹ́ tí mo gùn ní Ìlú Ọba fún mi. Igbó-Ọrà ló jókòó sí nígbà tó ń yàn án, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, tí ó na fóònù Múfú ẹ̀gbọ́n mi síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ bá a jà. Bí mo bá sọ èyí fún àwọn èèyàn, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àsọdùn ni. Kò sí àsọdùn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọdún méje ni mo fi ṣe tíṣà ní Igbó-Ọrà kí n tó lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní Àǹtí, àwọn òbí wọn ń pè mí ní Àǹtí, ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ síléèwé náà ń pè mí ní Àǹtí, kì í sì í gbowó lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìlú Ọba ni mo dé tí ẹnikẹ́ni kò pè mí ní ohunkóhun. Ilé àwọn arúgbó kan lórí òkè, ní ìlú kékeré kan lápá àríwá, ni mo ti ríṣẹ́. Iṣẹ́ ìdáná ni. Èmi ni mo ní láti máa se oúnjẹ àárọ̀ fún ogójì arúgbó, kí iná sì ti wà lábẹ́ ìkòkò ní aago mẹ́fà gééré.

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n ní kí n lọ kí àwọn tó jókòó sí yàrá ńlá, kí wọ́n lè mọ ojú mi. Bàbá kan wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, Átà ni orúkọ rẹ̀, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún dáadáa. Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀. Mo fi eékún méjèèjì kanlẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, mo sì kí i lédè wọn pé ẹ káàárọ̀. Átà wò mí nílẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ló bá tẹ bọ́tìnnì pupa tó wà lára àga rẹ̀. Kí n tó dìde, nọ́ọ̀sì méjì ti sáré wọlé. Ọ̀kan di abíyá mi mú, èkejì ń bi mí bóyá mo mọ orúkọ ara mi. Átà ń ṣàlàyé fún wọn pé ojú òun ló ṣe, pé ẹsẹ̀ ló yẹ̀ mí. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ̀rínì, ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé mo ṣubú. Mo ní mi ò ṣubú, pé bàbá ni mo kí. Ó ní kí n ṣáà kọ ọ́.

Àwọn tó ti lọ ṣáájú mi ti kìlọ̀ òtútù fún mi, nítorí náà òtútù kò bá mi lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ ni wọn kò sọ. Èèyàn mọ́kànlá ni ilé wa ní Igbó-Ọrà, láì ka ewúrẹ́. Ní yàrá tí mo gbà lọ́hùn-ún, bí fíríìjì bá dákẹ́, mo máa ń dìde lọ wò ó bóyá nǹkan ṣe é. Mo kí ọkùnrin kan tó ń tún títì ṣe pé ó kú iṣẹ́, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara mi nínú dígí. Mo máa ń béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé náà, mo sì máa ń dáhùn.

Bọ́ọ̀sì ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó yẹ kí ti àkọ́kọ́ kọjá níwájú ilé mi ní aago márùn-ún àárọ̀, kí ó yí òkè náà ká, kí ó já mi sílẹ̀ kí aago mẹ́fà tó lù. Lọ́jọ́ mìíràn ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, àfi bí ẹni pé wọn kò rán an níṣẹ́ rí. Kí oṣù kìíní tó parí, mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mọ̀rínì pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán èèyàn wò, pé bí mo bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí oṣù mẹ́ta náà tó pé, òun kò ní lè dá mi dúró. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi fún mi ní ìwé ìgbélùú. Bí iṣẹ́ bá lọ, ilé ni ó kàn, a sì ti ta ilẹ̀ bàbá mi kan kí n tó kúrò nílé.

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ilé náà ló sọ fún mi pé ọ̀nà kan gba inú igbó, pé kò tó ìdajì ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Mo fẹsẹ̀ rìn ín lọ́jọ́ ìsinmi mi. Òkúta, ẹrẹ̀, gbòǹgbò igi, gegele. Wákàtí kan àti díẹ̀ ló gbà mí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára mi níbẹ̀, mo sì mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ẹsẹ̀ mi kò tíì tó ilẹ̀, mo ti máa ń ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọ̀pá kẹ̀kẹ́ bàbá mi láti fi wà á.

Mo pe ilé láti sọ èrò mi.

"Kẹ̀kẹ́ kẹ̀?" ni ìyá mi wí. Ẹ̀gúsí ni ìyá mi ń tà lọ́jà Láńlátẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá ṣe ní Ìlú Ọba ló sì ń dé ọjà náà ṣáájú ẹ̀gúsí. "Ṣé kẹ̀kẹ́ la ní kóo lọ gùn lọ́hùn-ún? Kẹ̀kẹ́ táwọn ará oko ò gùn mọ́? Ọmọ Ìyá Ṣàkírù tó wà n'Íbàdàn lásán, ọkọ̀ ló ń wà."

"Ìyá Múfú, rọra," ni bàbá mi wí. "Lọ́jọ́ tí ọmọ yìí fẹ́ wáyé, kí ni mo fi gbé ẹ dé ọsibítù?"

"Kẹ̀kẹ́ ni."

"Ṣé o dé ibẹ̀ àbí o ò dé ibẹ̀?"

"Mo dé ibẹ̀, Bàbá Múfú. Ẹ̀yìn náà ṣì ń dùn mí títí dòní."

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló ni ín. Ó bi mí pé irú ọ̀nà wo ni mo fẹ́ máa gbà. Mo kà á fún un: òkúta, ẹrẹ̀, gbòǹgbò, gegele. Ojú rẹ̀ là. Ó yí kẹ̀kẹ́ kan jáde tó ní ṣọ́kì níwájú, tó ní ṣọ́kì lẹ́yìn, tí jíà rẹ̀ jẹ́ méjìlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ju "kẹ̀kẹ́" lọ nínú rẹ̀. Mo tọrọ àyè, mo pe bàbá mi lórí fídíò.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ kó ẹ̀gẹ́ láti oko wa lọ́nà Ayétẹ̀ wọ Igbó-Ọrà. Kẹ̀kẹ́ kan náà ni.

"Yí fóònù yẹn sí i kí n rí i," ni ó wí. "Kí ni ti nǹkan tó ká kò bí itan tata yìí?"

"Ṣọ́kì ni, Bàbá. Kó má baà máa gbọ̀n."

"Ta ni kó má gbọ̀n? Ìwọ àbí kẹ̀kẹ́?"

"Èmi ni, sà."

"Gbígbọ̀n ò pa èèyàn. Lọ́jọ́ tí ṣọ́kì yẹn bá kú ńkọ́, ta ni yóò tún un ṣe fún ẹ nínú igbó? Jíà ẹ̀ jẹ́ mélòó?"

"Méjìlá."

"Ẹsẹ̀ mélòó lo ní?"

Ọlọ́jà ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fóònù, ó rò pé wọ́n ń kí òun.

"Ó dáa," ni bàbá mi wí. "Mú kọ́kọ́rọ́ kan, kóo fi kàn án lára kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

Ẹni tó bá ti bá bàbá mi lọ ra àdá tàbí ọkọ́ rí kò ní béèrè ìdí. Kì í fi ojú ra irin. A máa kàn án, a máa dẹtí, a máa dá a padà, a máa mú òmíràn. Àwọn alágbẹ̀dẹ Láńlátẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń dákẹ́ fún un. Èmi náà mú kọ́kọ́rọ́ ilé mi, mo kan kẹ̀kẹ́ olówó ńlá náà. Ó dún kọ̀.

"Agolo nìyẹn. Bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí kẹ̀kẹ́ dé orí kẹ̀kẹ́, tí mo ń kàn wọ́n, tí bàbá mi ń dájọ́ láti Igbó-Ọrà. Agolo. Agolo. Èyí tún burú ju agolo lọ. Ìyá kan àti ọkọ rẹ̀ tí wọ́n wá ra táyà kúrò lọ́nà fún mi. Ọlọ́jà ń tẹ̀ lé mi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè, ó ń rọra bẹ̀ mí nítorí ọ̀dà ara wọn. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́, mo bá kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan tí eruku ti bò. Kò ní ṣọ́kì kankan. Ṣéènì rẹ̀ gba orí irin eléyín kan ṣoṣo lẹ́yìn. Mo kàn án. Ohùn rẹ̀ lọ jìnnà kó tó tán.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

"Tún un kàn."

Mo tún un kàn.

"Irin nìyẹn," ni ó wí. "Jíà?"

"Kò ní."

"Ṣọ́kì?"

"Kò ní."

"Búrékì?"

"Ó ní méjì."

"Rà á. Ohun tí kò sí lára ẹ̀ ò lè bà jẹ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Ọlọ́jà bi mí pé kí ni bàbá wí. Mo sọ fún un, mo fo ibi agolo. Ó wò mí títí, ó wá mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn wà níbẹ̀: irin, kò ní ṣọ́kì, kò ní jíà. Ó ní bí àwọn èèyàn bá rí irú rẹ̀, wọ́n máa ń béèrè ìgbà tí òun máa tò ó parí. Ó béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń tà. Mo ní rárá o, ẹ̀gẹ́ ló ń kó.

Ibi ìnájà ni mo ti tẹ́. Mo dá ìdajì iye tó pè. Ó ní iye tí wọ́n kọ sí i lára ni iye rẹ̀. Mo ní kò burú, ó dàbọ̀, mo sì yí padà. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí ọjà ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. O ò gbọdọ̀ yára, o ò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Kí o tó gbé ẹsẹ̀ keje, wọ́n á ti ní kí o padà wá mú un lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ keje, mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo dé títì. Mo dúró níwájú òpó iná kan, mo ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé ológbò kan sọnù títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Bàbá mi ṣì wà lórí fóònù nínú àpò mi. "Ṣó ti pè ẹ́?"

"Kò tíì pè mí."

"Tún rìn díẹ̀ sí i."

"Bàbá, mo ti dé ibi ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹni tí kò mọ ọjà ni. Padà lọ fún un lówó ẹ̀ jàre."

Nígbà tí mo padà, ọkùnrin náà ti nu kẹ̀kẹ́, ó ń fa afẹ́fẹ́ sí táyà rẹ̀. Ó rò pé mo lọ mú owó wá ni. Mo san gbogbo rẹ̀ pé pérépéré, ó dùn mí, mo sì ní kó fún mi ní ènì. Ó ní kí ni ènì. Mo ní ohun tí ọlọ́jà máa ń fi lé ọjà kí inú oníbàárà lè dùn, kó lè tún padà wá. Ó rò ó lọ rò ó bọ̀, ó wá fún mi ní aago kẹ̀kẹ́ kan àti ṣokoléètì kan láti inú àpò ara rẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi jáde, inú mi dùn débi pé mo ń lu aago náà lórí títì tí kò sí ẹnì kankan.

Ìyá mi ní òun ti sọ fún àwọn ará Láńlátẹ̀ pé mo ti ra ọkọ̀. Ó ní òun ò sì purọ́, kò sí ẹni tó béèrè iye ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá ń béèrè fọ́tò. Ó bẹ̀ mí kí n kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan tó bá fani mọ́ra. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pupa kan ní àdúgbò mi, ẹni tó ni ín jáde, ó bi mí bóyá mo ti sọ nǹkan nù. Fọ́tò kẹ̀kẹ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi nígbẹ̀yìn. Ó ní kí n ṣe sùúrù, òun máa wá ohun tí òun máa sọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní jíà kò ní àánú: bí òkè bá le, ìwọ náà ni kí o le. Mo dìde dúró lórí pẹ́dà, mo ń gùn ún bí ẹni ń gún iyán, mo ń sọ̀kalẹ̀ tì í níbi tó bá ti borí mi. Gbogbo òkúta tó wà nínú igbó ló ń kí mi nídìí. Ní alẹ́, bí mo bá gbé ṣíbí, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dé lọ́jọ́ kìíní, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjìlá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá ọkùnrin kan lórí gegele tó dojú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ délẹ̀, kẹ̀kẹ́ oníṣọ́kì méjì, tí jíà rẹ̀ ti lọ́ mọ́ ṣéènì. Mo ní pẹ̀lẹ́. Mo gùn ún kọjá lára rẹ̀ láì sọ̀kalẹ̀, mo sì lu aago. Mo rò ó fún bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta ni òun fúnra rẹ̀ ní kí n tún un sọ kí Múfú gbọ́.

Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kì í mọ ìlú. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti mọ ibi tí omi ń dárogún sí, ilé tí ajá wọn máa ń gbó, ọkùnrin olùtọ́jú màlúù tó máa ń gbé ìka kan sókè sí mi. Ìka kan péré, síbẹ̀ mo máa ń ronú nípa rẹ̀ títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé yàrá mi, ìdákẹ́jẹ́ náà ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè mí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí mo bá já sí kòtò kan nínú igbó yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan, pọ́rèèjì àárọ̀ wọn tí kò jiná ni wọ́n máa fi mọ̀.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù mẹ́ta mi bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀. Mo jí ní aago mẹ́rin, mo ṣí kọ́tìnnì, gbogbo ayé funfun. Yìnyín ti bo ọ̀nà, ó bo ọgbà, ó bo ọkọ̀ pupa ọjọ́sí títí kò fi sí pupa mọ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ dé pé kò ní sí bọ́ọ̀sì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Mo pe bàbá mi, ó ti jí fún ìrun àṣùbáà.

"Ṣó ń yọ̀?" ni ó béèrè.

"Ó ń yọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ, Bàbá."

"Jo afẹ́fẹ́ táyà ẹ̀. Jò ó títí àtàǹpàkò ẹ á fi lè tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀. Táyà tó bá le, ilẹ̀ ni yóò sọ ẹ́ sí. Má fọwọ́ kan búrékì iwájú, má sì sáré."

Ìyá mi gba fóònù. Mo rò pé ó máa ní kí n padà sùn. "Wọ ṣòkòtò méjì," ni ó wí. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kóo ṣubú. Bóo bá sì ṣubú, tètè dìde."

Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tètè dìde. Nínú igbó yẹn, mi ò gbọ́ ohunkóhun ju ṣéènì àti èémí ara mi. Mi ò rí òkúta mọ́, ìdí mi ló ń sọ ibi tí wọ́n wà fún mi. Níbi gegele tó kẹ́yìn, mo tì í, mo gbé e, mo tún gùn ún. Mo wo aago: mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo gbójú sókè, mo rí i pé iná yàrá ńlá ti tàn, gbogbo fèrèsé rẹ̀. Wọn kì í tan iná yẹn kí n tó dé. Mo rò pé ẹnì kan ti kú.

Nọ́ọ̀sì òru ṣí ilẹ̀kùn kí n tó kàn án. Ó tọ́ka sí fóònù ilé ìdáná tó ń dún. Mọ̀rínì ni. Ọkọ̀ rẹ̀ ti há sínú yìnyín níwájú ilé rẹ̀. Ó béèrè ta ló wà níbẹ̀. Mo ní èmi ni, mà. Ó ní báwo ni mo ṣe dé ibẹ̀. Mo ní kẹ̀kẹ́ ni. Ó wá ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ mi lọ́jọ́ Ajé, àti pé ẹ jọ̀wọ́, ṣé mo lè dáná.

Mo tan iná, mo gbé ìkòkò kaná, lẹ́yìn náà ni mo lọ wo yàrá ńlá. Arúgbó mẹ́jọ ló wà níbẹ̀ nínú aṣọ ìsùn wọn, àga wọn kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Átà kò pàtẹ́wọ́. Ó gbé páálí bísíkíìtì kan kúrò lórí itan rẹ̀, ó nà án sí ìyá arúgbó tí ń jẹ́ Jíìnì, ojú rẹ̀ le.

Nọ́ọ̀sì ló ṣàlàyé. Ó ní láti ìgbà tí mo ti ra kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ń jí. Inú òkùnkùn ni wọ́n máa ń jókòó sí kí wọ́n lè rí iná iwájú kẹ̀kẹ́ náà láti ìgbà tó bá ti yọ nínú igbó nísàlẹ̀, wọ́n sì ń fi bísíkíìtì ta tẹ́tẹ́ bóyá mo máa dé kí aago mẹ́fà tó lù. Ó ní lónìí, wọ́n ní kí òun tan gbogbo iná kí n lè rí ilé nínú yìnyín, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní mi ò ní lè dé, àfi Jíìnì nìkan.

"Átà kì í gbà pé o máa dé," ni Jíìnì wí. "Ṣùgbọ́n òun ló máa ń kọ́kọ́ dé ìdí fèrèsé. Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ pàápàá, ó máa ń jókòó síbẹ̀."

"Ìta ni mò ń wò," ni Átà wí.

Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá jáde nílé, ẹnì kan ní láti máa wo ọ̀nà rẹ̀ títí tó fi máa dé. Oṣù méjì ni mo ti fi ń gun òkè yẹn nínú òkùnkùn, tí mo gbà pé kò sí ẹni tó ń wo tèmi ní gbogbo ilẹ̀ náà. Mo sunkún níwájú wọn, mi ò tilẹ̀ yíjú. Jíìnì di ọwọ́ mi mú, ó sì ti ya páálí bísíkíìtì náà. Átà wo aago ara ògiri, ó wò mí, ó ní aago mẹ́fà ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, pọ́rèèjì ti pẹ́, ebi sì ń pa òun.